Sítíìkì olóògbé, ẹ má fọwọ́ kàn án

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo nǹkan. Ní Amẹ́ríkà, àgbàlagbà ọkùnrin á kó owó mọ́tò sílẹ̀, tuntun o, mi ò sọ tòkunbọ̀, á fi ra sítíìkì púùlù kan ṣoṣo (púùlù tí gbogbo wa níbí ń pè ní snooker, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná), tó bá délé á fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún, á kì í bíi ẹni ń ki ọba, á dá a padà sínú àpótí aláwọ, ó parí nìyẹn. Kò ní gbá bọ́ọ̀lù kankan. Ẹ ní kó fi gbá géèmù kan péré, ojú tó máa fi wò yín, ẹ ó rò pé ẹ ní kó fi aṣọ òkè bàbá ẹ̀ nulẹ̀ ni.

Tó o bá fẹ́ dá àwọn tó ń kó sítíìkì jọ yìí mọ̀, ṣáà pe Balabushka. Kíá ni wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ bíi ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. George Balabushka yìí, Rọ́ṣíà ni wọ́n ti bí i ní 1912, ó dé Amẹ́ríkà ní 1924, iṣẹ́ igi ló ń ṣe jẹun ní New York, káfíńtà ni jàre. 1959 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sítíìkì, ẹ sì wá gbọ́, lára èyí tó kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀bùn Kérésì ló fi ṣe fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ẹ̀bùn Kérésì! Ìyẹn tí àwa ń fi ìrẹsì àti adìyẹ ṣe. Nígbà tó fi máa kú ní 1975, àwọn tó ń bá a kà á ní gbogbo ẹ̀ ò ju bíi 1,200 lọ, ayédèrú tó wà níta báyìí ṣáà ń bímọ ní tiẹ̀.

Wọ́n tiẹ̀ ṣe fíìmù kan ní 1986, Paul Newman àti Tom Cruise ló wà ńbẹ̀, Balabushka ni wọ́n pe sítíìkì tí wọ́n ń gbé kiri nínú ẹ̀, gbogbo ayé bá ya wèrè. Sítíìkì Joss ni o, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Wọ́n kàn ṣe é kó jọ ọ́ ni. Ìran tó sọ ọ́ di òrìṣà, òun gan-an ò sí ńbẹ̀.

Ìbéèrè tí àwọn tó ń kó o jọ wá ń bi ara wọn ni pé ta ló ni ín tẹ́lẹ̀? Tó bá jẹ́ ti ẹnì kan lásán, owó ẹ̀ mọ níwọ̀n. Tẹ́ ẹ bá lè fi ìwé ẹ̀rí hàn pé Willie Mosconi, ògbóǹtarìgì púùlù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dì í mú rí, ẹ lọ ta ilẹ̀ wá. Mosconi yẹn gbá bọ́ọ̀lù 526 wọ ihò léra léra ní Springfield, Ohio, ní 1954, kò tàsé ẹyọ kan, wọ́n wá rò pé ọgbọ́n ọwọ́ bàbá yẹn á ràn wọ́n láti ara igi bíi apólò. Bọ̀dá tí ò lè gbá mẹ́ta wọlé! Efren Reyes ńkọ́, ògbóǹtarìgì púùlù ọmọ Philippines tí wọ́n ń pè ní onídán, nílé púùlù àbúrò òbí ẹ̀ ní Manila ló dàgbà sí, orí tábìlì ló ń sùn, orí àpótí Kóòkì ló ń dúró kọ́wọ́ ẹ̀ tó lè tó bọ́ọ̀lù, ẹ lọ bi í ta ló gbẹ́ igi tó fi kọ́ ọ.

Àti eyín erin o, mi ò tíì débẹ̀. Wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́ sára àwọn sítíìkì yìí bíi ẹni sin ìlẹ̀kẹ̀, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà wá mú òfin eyín erin le ní 2016, igbe ta, wọ́n ní ìjọba fẹ́ sọ àwọn di onígbèsè. Erin ò tíì sọ tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù, ṣé ẹ mọ igi tí Balabushka ń lò níbẹ̀rẹ̀? Titlist tí ilé iṣẹ́ Brunswick ń ṣe, sítíìkì ara ògiri, èyí tí wọ́n ń kọ́ kalẹ̀ nílé púùlù fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé tòun ti bíà lọ́wọ́. Ó máa ń gé e sí méjì ni, á fi irin so ó pọ̀, á wé òwú líńnẹ̀nì ilẹ̀ Ireland mọ́ ibi ìdìmú, ó di wúrà. Herman Rambow ní Chicago, tó ṣe sítíìkì fún Mosconi àti Willie Hoppe tóun náà jẹ́ ògbóǹtarìgì bílíádì, òun náà lo igi yẹn.

Ẹ wá wo bọ̀dá wa bó ṣe ń wọ ilé púùlù lálẹ́ Fúráìdè, àpótí aláwọ léjìká bíi ẹni gbé àgbá ìjà, ó ń kọjá lára ògiri, ó ń yínmú sí àwọn igi tó so síbẹ̀, ó ní sítíìkì àwọn ọ̀mùtí. Bọ̀dá, ẹbí Balabushka ẹ nìyẹn o, dọ̀bálẹ̀ kí wọn.