Àwa kọ́ la sọ ọ́ nù o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi kí n tó sùn, torí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun láti ọ̀sán.

Òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ wa níbí ní London, ó fẹ́ràn Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n BBC yẹn, kọjá bó ṣe yẹ, kọ́ọ̀pù tó fi ń mu tíì gan-an, Dalek, ọ̀tá inú eré náà, ni wọ́n yà sí i lára. Kì í ṣèèyàn burúkú o, òun ló máa ń bá mi dúró níbi iṣẹ́ tí mo bá ní òde ní Sátidé. A jọ jókòó à ń jẹun, ló bá gbé ọ̀rọ̀ àwọn apá eré náà tó sọnù kalẹ̀, àwọn tí wọ́n rí padà ní 2013, ó wá wò mí lójú, ó ní, "Nàìjíríà ni wọ́n ti rí i o! Nàìjíríà!" Ó ń yà á lẹ́nu bí ẹni tó fi ẹran ti ajá, tó padà dé tó bá ẹran lódidi.

Mo ní kí ló yani lẹ́nu níbẹ̀. Ó ní rárá o, òun ò ní nǹkan kan lọ́kàn, pé ó kàn jọ òun lójú ni, pé nínú eruku, nínú ooru Áfíríkà yẹn, kí wọ́n wá bá fíìmù tí gbogbo ayé ti sunkún ẹ̀ tì. Mo fẹyín sí i, mo gbájú mọ́ ìrẹsì mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ mí.

Àkọ́kọ́ ná, ooru tó ń wí yìí, Jos ni o! Jos tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀ oṣù Kejìlá ẹ máa wá súwẹ́tà kẹ́ ẹ tó wá omi. Ọkùnrin òyìnbó tó lọ wá a kàn níbẹ̀, Philip Morris, òun fúnra ẹ̀ sọ pé àwọn fíìmù náà wà ní ipò tó dáa. Nínú sítọ̀ kan nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ́hùn-ún ló ti bá àwọn agolo náà, ó nu eruku tó wà lórí téèpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn lára, ló bá rí Doctor Who tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó ní àyà òun fò. Apá mẹ́sàn-án tí BBC ò ní lọ́wọ́ mọ́ ló tinú sítọ̀ yẹn jáde, márùn-ún látinú ìtàn The Enemy of the World, mẹ́rin látinú ìtàn The Web of Fear, ìgbà tí òṣèré Patrick Troughton ń ṣe Dókítà, olú ẹ̀dá eré náà, nìyẹn, 1967 wọ 1968 ni wọ́n fi wọ́n hàn.

Ó dáa. Ta wá ló sọ ọ́ nù?

Èyí ni wọn kì í fẹ́ ká béèrè. BBC fúnra wọn ni! Ẹnikẹ́ni ò jà wọ́n lólè, iná ò jó ilé wọn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi pa á rẹ́. Láti 1963 tí eré yìí ti bẹ̀rẹ̀, téèpù fídíò wọ́n bí ojú, tí wọ́n bá ti fi eré hàn tán wọ́n á pa ohun tó wà lórí téèpù rẹ́, wọ́n á fi gba nǹkan mìíràn. Fíìmù tí wọ́n dà látara ẹ̀ tí wọ́n fi ń tajà lókè òkun náà, nígbà tí ẹ̀tọ́ àtità tán, wọ́n ń kó ìyẹn náà dànù, ó di 1978 kí wọ́n tó ṣíwọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sáré wá sọ fún mi pé owó téèpù ni, pé àdéhùn àwọn òṣèré ni kì í jẹ́ kí wọ́n tún eré fi hàn léraléra, pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé fídíò máa wọlé oníkálukú lọ́jọ́ kan. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, ẹ jókòó jàre. Àwọn òǹwòran lásán, àwọn míì ọmọ ilé ìwé, gbé rẹ́kọ́dà síwájú tẹlifíṣọ̀n wọn nílé wọ́n sì gba ohùn eré náà sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohùn gbogbo apá tó sọnù fi wà títí dòní. Ọmọ ilé ìwé mọ̀ pé nǹkan yìí níye lórí, ẹni tó ni ín ò mọ̀!

Ẹ tún wo bí òwò yẹn ṣe rí. Sórí fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun ni wọ́n ń da eré náà, wọ́n á kó o sínú agolo pẹlẹbẹ, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá sanwó. New Zealand ló kọ́kọ́ fi hàn lókè òkun, 1964, Australia àti Canada tẹ̀ lé e ní 1965, Nàìjíríà náà wà lára àwọn tó rà á láyé ìgbà yẹn. A RÀ Á ni mo wí o, owó la san. Ṣebí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa, WNTV Ìbàdàn, ti ń ṣiṣẹ́ láti 1959, ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó fi apá àkọ́kọ́ Doctor Who hàn ní London níbí, kí ló wá jẹ́ ìyanu nínú pé àwa náà ní fíìmù nílé? Kì í sì í ṣe Jos nìkan. Láàárín àwọn ọdún 1980, Nàìjíríà náà ni àwọn apá The Time Meddler àti The War Machines ti padà dé. The Tomb of the Cybermen, Hong Kong ni wọ́n ti rí i padà ní 1992, mi ò tíì gbọ́ ẹni tó lanu pé "Hong Kong o!" Ti Australia ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù, àwọn tó ń yẹ eré wò lọ́dọ̀ wọn fi sáàsì gé gbogbo ibi tó lè dẹ́rù ba ọmọdé dànù, wọ́n tọ́jú ègé tí wọ́n gé sínú fáìlì ìjọba, nígbà tó yá eré fúnra ẹ̀ pòórá, ègé ẹlẹ́rù yẹn ló kù.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún un. Mo gbádùn ara mi gan-an, kí n má purọ́.

Ó dákẹ́, ó fi ṣíbí ro tíì ẹ̀, ó wá ní, "Apá kẹta The Web of Fear ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí òótọ́ ni. Morris sọ pé ìgbà tóun kọ́kọ́ bá àwọn agolo yẹn, apá kẹta wà láàárín wọn. Àárín ìgbà tóun ń bá wọn dúnàá-dúrà di ìgbà tí ẹrù fi dé ọwọ́ òun, ó ti pòórá, ó gbà pé ẹnìkan ló tà á fún àwọn tó ń kó irú ẹ̀ jọ sílé. Ìyẹn sì lápá tí ojú òṣèré Nicholas Courtney ti kọ́kọ́ hàn gẹ́gẹ́ bí Lethbridge-Stewart, ọ̀gá ṣọ́jà tó wá di gbajúmọ̀ nínú eré náà. Ní 2021, àwòrán kàtúùnù ni wọ́n yà dí ojú ihò yẹn. Ta ló tà á? Ọwọ́ ta ló wà? Kò séèyàn tí wọ́n dárúkọ, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fọ̀ fún un.

Èyí tó wá burú jù, òun ò mọ̀ ọ́n, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ kí n bá àwọn wá Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí, tí wọ́n máa ń wò nígbà tí wọ́n ṣì wà ní omidan, mo wá a títí, ohun tí mo rí ò kúnwọ́. Mo ní kí bùrọ̀dá mi kan tó mọ èèyàn nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan nílé bá mi béèrè, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá a lóhùn, wọ́n ní téèpù wo, wọ́n ti fi gba ìròyìn sí i láti ìgbà ológun. Èwo wá ni kí n bú nínú BBC àti àwọn yìí? Ẹ ò rí i pé a tọ́jú Dókítà oní-Dókítà, a sì fi tiwa gba ìròyìn.

Ohun kan sì tún wà tí kò jẹ́ kí n lè yangàn tó bí mo ṣe fẹ́. Àdéhùn òwò yẹn ni pé tí ilé iṣẹ́ bá ti fi fíìmù hàn tán, kó dá a padà, tàbí kó fi ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè tó kàn, tàbí kó bà á jẹ́. Tí ẹni tó ń tọ́jú sítọ̀ Jos bá ṣe iṣẹ́ ẹ̀ bí ìwé ṣe wí, eruku nìkan ni Morris ì bá bá níbẹ̀. Ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi pa mọ́ ni, àbí kò sówó àtifi ránṣẹ́, àbí wọ́n kàn tilẹ̀kùn, wọ́n bá tiwọn lọ? Ó wù mí kó jẹ́ pé ẹnìkan wo agolo yẹn, ó ní èyí ò ní jóná lójú mi. Mi ò lẹ́rìí kankan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Jos nígbà yẹn, tàbí tí bàbá yín bá wọn ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bi wọ́n léèrè: ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ yẹn dání?