Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà àti Ìwé Ẹ̀rí Olùkọ́

Èrò ọkàn mi ni pé kò sí ohun tó burú nínú kí a béèrè ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà wò ó kò tíì kan iṣẹ́ tí a ń ṣe ní kíláàsì.

Orí kọ̀ǹpútà ni TRCN, àjọ tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Èmi àti ọ̀gá mi kan, tí wọ́n ti kọ́ ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ọdún, la jọ múra sílẹ̀ fún un. Ọmọ tó ń sá fún ìṣirò á dé ọ̀dọ̀ wọn, á sì fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ ńṣe ni ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lórí máòsì. A fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọ, wọ́n sì yege. Ìbéèrè tí wọ́n wá bi mí lẹ́yìn náà ni pé báwo ni àwọn ṣe lè fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán onígun mẹ́ta kí gbogbo kíláàsì lè rí i, nítorí pé yíyan ìdáhùn nìkan ni ìdánwò náà bi wọ́n mọ.

Ìlànà nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ fún àwọn olùkọ́, èyí tí UNESCO, àjọ ètò ẹ̀kọ́ àgbáyé, tún ṣe ní 2018, tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí lọ, nítorí pé nínú ìmọ̀-ọ́n-ṣe 18 tó kà sílẹ̀, lílo ẹ̀rọ jẹ́ apá kan péré. Ó tún wo bí olùkọ́ ṣe ń fi í kọ́ni, bó ṣe ń fi í díwọ̀n òye akẹ́kọ̀ọ́, àti bó ṣe ń ṣètò kíláàsì rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ àfọwọ́gbé kan, jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní 2013, ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọwọ́ olùkọ́ ló kù sí bóyá yóò di ẹ̀kọ́ tàbí ẹrù inú báàgì.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, nígbà tí olùkọ́ bá fẹ́ sọ láísẹ́ǹsì rẹ̀ dọ̀tun, kí ó fi ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀kọ́ kan ní kíláàsì tirẹ̀, lójú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Níbi tí kò bá sì ti sí iná tàbí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ́kọ́ pèsè wọn ná, kí wọ́n tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ ibẹ̀.