Kì í ṣe ojú lásán ni wọ́n ń tún ṣe

Gbogbo ìgbà tí Google Drive, OneDrive tàbí Dropbox, àwọn áàpù tí à ń kó fáìlì pamọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bá pa ojú dà, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa tí a mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ máa ń sọ fún àwọn ará ilé wa: "Ẹ má ṣèyọnu, ojú lásán ni wọ́n tún ṣe. Àwọn fáìlì yín wà níbi tí wọ́n wà." À ń sọ ọ́ fún ìyá wa, fún akọ̀wé ẹgbẹ́ tó kó gbogbo ìwé ìpàdé síbẹ̀, fún ayàwòrán tí iṣẹ́ oníbàárà rẹ̀ wà lórí cloud, ìyẹn ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Àmọ́ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òótọ́, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́ lè pàdánù ohun tí kò ní rí mọ́.

Fáìlì tó bá wà lórí cloud, inú ẹ̀rọ onílé-iṣẹ́ kan ló wà, ní ibi tí ẹsẹ̀ wa ò ní tẹ̀ láéláé. Ó dà bí ẹrù tí èèyàn gbé fún alágbàtọ́jú tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú yàrá: ohun tí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bá sọ nìkan la mọ̀. Ojú áàpù ni ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára bọ́tìnì, ìbéèrè tó ń yọjú kí nǹkan tó parẹ́, àwọn ni a fi ń mọ̀ bóyá fáìlì wà lọ́wọ́ wa, bóyá ọ̀hún nìkan ló wà, tàbí bóyá ó ti lọ. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí èèyàn lásán lè gbà mọ̀.

OneDrive ti Microsoft ló fi èyí hàn jù. Nígbà tí Windows 8.1 jáde lọ́dún 2013, tí wọ́n ṣì ń pe OneDrive ní SkyDrive, ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀: gbogbo fáìlì tí èèyàn ní lórí cloud máa ń hàn nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, orúkọ àti àwòrán kékeré nìkan ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ ni fáìlì gan-an ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún kọ̀ǹpútà tí àyè inú rẹ̀ kéré, ọgbọ́n tó dára ni. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nílé àti èyí tí kò sí nílé jọra wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Èèyàn á rí ìwé rẹ̀ kedere, á gbé kọ̀ǹpútà rìnrìn àjò, á dé ibi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, á tẹ̀ ẹ́, kò ní ṣí.

Nígbà tí Windows 10 dé ní July 2015, Microsoft yọ ọgbọ́n náà kúrò. Lára ìdí tí wọ́n sọ ni pé kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n rò pé ohun tí wọ́n ń rí wà lọ́wọ́ wọn. Inú bí àwọn tí fáìlì wọn pọ̀ ju àyè kọ̀ǹpútà wọn lọ, torí ó wá di dandan kí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn yan fódà tí yóò wọlé àti èyí tí kò ní wọlé. October 2017 ni ọgbọ́n yìí padà dé, pẹ̀lú orúkọ Files On-Demand, àwọn àmì tó ṣe kedere sì bá a dé. Ìkùukùu aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé orí cloud nìkan ni fáìlì wà. Máàkì aláwọ̀ ewé nínú róbótó funfun túmọ̀ sí pé ó wà nínú kọ̀ǹpútà báyìí, ṣùgbọ́n Windows lè mú un kúrò níbẹ̀ bí àyè bá ń tán. Róbótó aláwọ̀ ewé tó kún dẹ́dẹ́, tí máàkì funfun wà nínú rẹ̀, ni èyí tí ẹ sọ pé kó má kúrò níbẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo OneDrive lójoojúmọ́ tí wọn ò bi ara wọn léèrè rí ohun tí àwọn àmì yìí ń sọ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni bóyá iṣẹ́ yín máa ṣí lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Fún àwa tí à ń fowó ra dátà, wọ́n tún ń sọ bóyá títẹ fáìlì kan máa jẹ wá lówó.

Google náà kò yàtọ̀. Ní October 2020, wọ́n pa àmì Gmail, Drive, Calendar àti Meet dà, gbogbo wọn di aláwọ̀ mẹ́rin, ariwo sì sọ pé wọ́n ti jọra jù, pé èèyàn ò mọ èwo ni èwo mọ́. Ariwo náà tọ́. Àmọ́ nínú oṣù kan náà, láti ọjọ́ 13, òfin Trash inú Drive, ibi tí ohun tí a bá pa rẹ́ máa ń kọ́kọ́ lọ, yí padà. Tẹ́lẹ̀, ohun tí èèyàn bá jù síbẹ̀ á wà níbẹ̀ títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi kó o dànù. Láti ìgbà náà, ọjọ́ 30 péré ló ní, lẹ́yìn náà ó lọ pátápátá. Ẹni tó gbọ́ pé "wọ́n kàn yí àwọ̀ padà ni" kò ní wo ibẹ̀ rárá.

Ní ìparí September ọdún yẹn kan náà, wọ́n fòpin sí bí fáìlì kan ṣe lè wà nínú fódà méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ibì kan ṣoṣo ni fáìlì ń gbé báyìí. Ohun tí à ń rí níbòmíràn jẹ́ ọ̀nà àbùjá (shortcut) tó ń tọ́ka sí i, àmì rẹ̀ sì ni ọfà kékeré kan lára àwòrán fáìlì. Bí ẹni tó ni fáìlì bá pa á rẹ́, ọ̀nà àbùjá náà ò já síbì kankan mọ́. Ọfà tíńtín yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín kéèyàn ní nǹkan àti kéèyàn mọ ibi tí nǹkan wà.

Tẹ́lẹ̀, Google Photos, áàpù tí Google fi ń tọ́jú fọ́tò, àti Drive so pọ̀, débi pé ohun tí èèyàn pa rẹ́ nínú ọ̀kan lè kúrò nínú èkejì. July 2019 ni wọ́n tó yà wọ́n sọ́tọ̀, Google sì sọ pé ìsopọ̀ náà ń da àwọn èèyàn láàmú, pé àwọn ò fẹ́ kí wọ́n máa ṣèèṣì pa fọ́tò rẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ fúnra rẹ̀ gbà pé kò yé èèyàn. Kí ló dé tí àwa ṣì ń pè é ní ojú lásán?

Dropbox ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2019. Fódà lásán inú kọ̀ǹpútà ni àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ní June ọdún náà, ó gbé áàpù tuntun tó ní fèrèsé tirẹ̀ dé. Nígbà tó di July, ó dé orí kọ̀ǹpútà àwọn tí kò béèrè fún un, Dropbox sì sọ pé àṣìṣe ni.

N ò sọ pé gbogbo ìyípadà ló léwu. Lọ́dún 2014, Drive yí títẹ̀ padà: ẹ̀ẹ̀kan tó máa ń ṣí fáìlì tẹ́lẹ̀ wá di èyí tó kàn ń yàn án, ẹ̀ẹ̀mejì ló wá ń ṣí i. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bákan náà, ọ̀pọ̀ tó ń ké pé "wọ́n ti kó fáìlì mi lọ" lẹ́yìn ìyípadà, ojú ìwé Home ló kọ́kọ́ ń ṣí fún wọn dípò My Drive, ibi tí fáìlì wọn wà. Bí wọ́n bá tẹ My Drive, wọ́n á bá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ò lè mọ irú èyí tó jẹ́ láìwò ó.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ojú bá yí, ẹ pa dátà àti Wi-Fi, kí ẹ ṣí àwọn fáìlì inú fódà tó ṣe pàtàkì sí yín jù. Èyí tó bá ṣí wà lọ́wọ́ yín. Èyí tí kò bá ṣí, orí cloud nìkan ló wà. Lẹ́yìn náà, ẹ tan dátà padà, ẹ wọ Trash, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sókè ibẹ̀ nípa iye ọjọ́. Tí bọ́tìnì "Free up space" bá wà níwájú yín nínú Google Photos, fọ́tò orí fóònù ló máa pa rẹ́, ó sì máa fi èyí tó ti wà lórí cloud sílẹ̀. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ímeèlì tí backup, ìyẹn ẹ̀dà fọ́tò yín lórí cloud, ń lọ sí, kó má lọ jẹ́ ti ọmọ yín tó bá yín ṣí fóònù nígbà tí ẹ rà á. Fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé-ẹ̀rí àti ìwé ilẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà wọn sórí flash tàbí dísíìkì kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì kankan tí ẹ ò tíì rí rí.