Pápá wa kì í rí alẹ́ mọ́

Ẹ̀yin ará wa l'Ékòó àti l'Ábújá, mo kí yín bí a ti ń kíra nílé: òkun o. Láti àná ni inú ti ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ló kọ ọ́ sórí WhatsApp àwọn ọmọ ìlú pé àwọn ọ̀dọ́ ilé ti ya ọ̀lẹ. Ó ní fóònù àti tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n mọ̀. Ó ní nígbà tiwọn, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, pápá á ti kún, àwọn àgbà á ti gbé ọpọ́n ayò jáde sábẹ́ igi. Làwọn èèyàn bá ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o, ìgbà wo lẹ wálé kẹ́yìn tí ẹ sùn mọ́jú? Kérésì tó kọjá, ẹ̀yin àti ọlọ́pàá lẹ jọ wọ̀lú, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ẹ fi yí mọ́tò padà sí Kàbà. Ẹ̀rù ajínigbé tó bà yín lọ́jọ́ yẹn, òun là ń bá jí, òun là ń bá sùn.

Tẹ́tẹ́ wà, n ò jiyàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọmọ ayò bàbá mi wà lọ́wọ́ mi nínú agolo mílíìkì, gbogbo 48 pé, ọwọ́ ti fá wọn dán. Mo mọ bí a ti ń kó odù jọ, ìyẹn ọmọ ayò púpọ̀ nínú ihò kan, mo mọ bí a ti ń jẹ méjì, bí a ti ń jẹ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìgbà wo là ń ta ayò nílùú wa? Lẹ́yìn oko ni, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, títí ojú ò fi ní rí ihò mọ́. Ẹni tó ń kọjá á dúró, á kí ọ̀ta tó mọ ayò ta àti òpè tí kò mọ̀ ọ́n, á ní, "Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè." Wọ́n á ní, "Ọ̀ta ń jẹ́, òpè ò gbọdọ̀ fọhùn." Báyìí, oko tó jìnnà, a ti pa á tì. Ẹni tó lọ sí èyí tó sún mọ́lé, aago méjì ọ̀sán ló ń sáré bọ̀ nítorí àwọn ajínigbé inú igbó. Aago mẹ́fà, oníkálukú ti tìlẹ̀kùn. Ta ló máa dúró wòran ayò?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2025. Super Falcons, ikọ̀ bọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, fẹ́ bá Mòrókò gbá àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ti àwọn obìnrin ní Rabat, aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ilé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù nílùú wa, aago méje ni wọ́n ń tì í. Àwa mẹ́fà la kóra jọ sí pálọ̀ mi, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọdún 11 jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Òun náà máa ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ le. Mòrókò ju méjì sáwọ̀n kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Kò pẹ́ tí àwọn fijilanté fi kan fèrèsé pé ká pa jẹnẹrétọ̀, pé ariwo rẹ̀ ò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ìró ẹsẹ̀. A pa á. Ó ku fóònù kan ṣoṣo, ojú rẹ̀ ò ju ìka mélòó kan lọ, orí mẹ́fà bò ó.

Okoronkwo gbá pẹ̀nárítì wọlé. Ijamilusi dá a padà sí méjì-méjì. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí 90 pé, Echegini ju ẹ̀kẹta. Ife kẹwàá nìyẹn! Ọmọ mi fò dìde, ó lanu, ìyàwó mi sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. A ò lè pariwo. Àwa tí a jẹ ife Áfíríkà, a dì mọ́ra wa nínú òkùnkùn bí ẹni tó jalè. Ìgbà tó yá, aládùúgbò wa kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jẹ́jẹ́. La bá mọ̀ pé àwọn náà ti rí i.

Ilẹ̀ mọ́, ọmọ yìí wọ bàtà, ó ní òun ń lọ sí pápá. Mo ní kò gbọ́dọ̀ lọ.

Pápá tí ẹ̀gbọ́n ń wí, ẹ̀yìn ìlú ló wà, lójú ọ̀nà oko. Mo yà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Koríko ti dé orúnkún, òpó góòlù kan ló ṣẹ́kù, alángbá ń gùn ún. Èmi gan-an ni mo sọ fún àwọn òbí yòókù pé kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ wọn débẹ̀ mọ́, nítorí èmi ni mo máa ń kó wọn lọ. Gbogbo wọn ló gbà.

Ohun tó wá ń dùn mí lọ́kàn ni èyí. Mo béèrè lọ́wọ́ olórí àwọn ọdẹ wa. Ó ní ojú títì ni wọ́n ti ń gbé èèyàn, pé òun ò tíì rí ipasẹ̀ àjèjì ní ọ̀nà pápá yẹn rí. Ó ní bí mo bá fẹ́, òun á yan ọdẹ méjì tì wá ní ọjọ́ Sátidé, láti aago mẹ́ta sí márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, n ò tíì dá a lóhùn. Bí mo ti ń kọ èyí, mo ń gbọ́ bọ́ọ̀lù tó ń lu ògiri ilé ìdáná wa, ọmọbìnrin mi nìkan ló ń gbá a.