Àgbà Kì í Wà Lọ́jà, Kí Orí Ọmọ Tuntun Wọ́: Òwe fún Ọdún Kérésìmesì

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹni tó bá ti nájà rí mọ ibi tí òwe yìí ti ṣẹ̀ wá. Ìyá ọmọ pọn ọmọ rẹ̀, ó gbé ẹrù karí, ó ń ná ata àti iyọ̀. Oorun gbé ọmọ lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọrùn ọmọ kò tíì le, orí rẹ̀ bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá kò mọ̀, kò lójú lẹ́yìn. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló rí i. Bí onítọ̀hún bá jẹ́ àgbà lóòótọ́, kò ní máa rò ó bóyá òun mọ obìnrin náà tàbí òun kò mọ̀ ọ́n. Yóò na ọwọ́, yóò gbé orí ọmọ sípò, yóò ní, "Ìyá ọmọ, tún ọmọ rẹ pọ̀n o." Ọ̀rọ̀ parí. Kálukú tún gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ní tiwa nílẹ̀ Okun, ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ìyàrà, dé Mọ̀pà, dé Ìsánlú, títí dé Ẹ̀gbẹ̀, oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń pa òwe yìí jù. Ọyẹ́ ti dé, àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó àti Àbújá ti ń wọlé, àwọn tí ẹ̀rù ajínigbé kò jẹ́ kí wọ́n gba ọ̀nà wa ń pe ilé lórí fóònù. Ìpàdé ẹbí pọ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti sún síwájú láti èṣí tún jáde. Àgbà kan á húkọ́, á pa òwe yìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í báni parí ìjà. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí a ti ń pa á nínú ìpàdé ẹbí, a ò pa á níbi tí ó ti bá ọ̀ràn mu jù lọ, ìyẹn ní ẹsẹ̀ ibùjẹ ẹran. Ọmọ tuntun gan-an ni ọdún náà dá lé, orí gan-an ni orí tí à ń wí, ọjà pàápàá ń bọ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ kí á ka Lúùkù orí kejì bí ẹni tó ti tọ́mọ rí. Jòhánù ní nípasẹ̀ Ọ̀rọ̀ ni a dá ohun gbogbo. Lúùkù ní wọ́n fi ọ̀já wé ọmọ náà. Fi méjèèjì pọ̀, wàá rí ohun tó yẹ kó pa ẹnu mọ́ ènìyàn: Ẹni tó dá òkè Pátì tó wà ní Lọ́kọ́jà, tó mú odò Ọya àti Bẹ́núè pàdé nísàlẹ̀ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò le. Bí Màríà bá yọ ọwọ́ lẹ́yìn orí rẹ̀, orí náà yóò wọ́. Áńgẹ́lì pọ̀ ní pápá lóru ọjọ́ yẹn, wọ́n kọrin, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti kà pé áńgẹ́lì kankan bá wọn gbé ọmọ. Ọwọ́ ènìyàn ni Ọlọ́run fi orí Ọmọ rẹ̀ sí.

Kò sì di dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Jẹ́nẹ́sísì kò sọ fún wa pé Ádámù ṣe ọmọ ọwọ́. Ọlọ́run lè rán Olùgbàlà wá ní géńdé, pẹ̀lú ọrùn tó le àti ohùn tó ń dún. Ó yan ọ̀nà tí yóò fi nílò ẹni tí yóò dì í mú. Nítorí náà ni èmi kò ṣe bá àwọn tó ń pe Kérésìmesì ní ọdún ọmọdé ṣe. Àwọn ọmọdé lè ní báńgà tí wọ́n ń yìn, kí wọ́n ní aṣọ tuntun àti bàtà tó ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀, ọdún wọn náà ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ni ọdún náà ń dán wò.

Ẹ wo bí ìdánwò náà ṣe rí ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Késárì ní kí a kọ orúkọ gbogbo ènìyàn sínú ìwé, kálukú bá lọ sí ìlú rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ti Èkó bọ̀ wálé lọ́dọọdún, irú ìrìnàjò yín nìyẹn. Ilé baba Jósẹ́fù ni Jósẹ́fù lọ, kì í ṣe ìlú onílùú. Ó dájú pé àgbà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ibùjẹ ẹran ni wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí, nítorí pé àyè kò sí. Àwọn darandaran ló kọ́kọ́ wá wò ó, wọ́n kúrò nídìí ẹran wọn lóru. Àgbà ìlú kankan kò sí nínú ìtàn náà.

Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, Jósẹ́fù ni mo fẹ́ràn jù, ó sì jọ pé òun ni a kì í wàásù nípa rẹ̀. Nínú ìwé ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀ wa ni ó sì ti fara pamọ́ sẹ́yìn òwe yìí láti ti ọmọ ọlọ́mọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Jósẹ́fù kò tẹ̀ lé e. Mátíù ní ó ti fẹ́ kọ Màríà sílẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, kí ó má bàa dójú tì í, kí áńgẹ́lì tó bá a sọ̀rọ̀ lójú àlá. Ó jí, ó mú obìnrin náà sílé. Ọmọ dé, ó sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí Hẹ́rọ́dù ń wá ọmọ náà láti pa á, Jósẹ́fù dìde lóru, ó gbé e pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lọ sí Éjíbítì. Hẹ́rọ́dù náà kúkú jẹ́ àgbà, ọba tiẹ̀ ni. Ó pàṣẹ kí wọ́n pa àwọn ọmọkùnrin ọlọ́dún méjì wálẹ̀ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àti àgbègbè rẹ̀. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ kò tíì tán láyé.

Wàyí o, ọjà. Òfin Mósè ní bí obìnrin bá bí ọmọkùnrin, lẹ́yìn 40 ọjọ́ kí ó mú ọ̀dọ́ àgùntàn wá fún ẹbọ ìwẹ̀nùmọ́. Bí agbára rẹ̀ kò bá ká àgùntàn, kí ó mú àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì wá. Lúùkù kò dárúkọ àgùntàn nígbà tí Màríà àti Jósẹ́fù gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ẹyẹ ni ó dárúkọ. Àwọn òbí náà kò ní lọ́wọ́. Jòhánù sì jẹ́ kí a mọ̀ pé nígbà tí Jésù dàgbà, ó bá àwọn tó ń ta màlúù, àgùntàn àti àdàbà nínú tẹ́ńpìlì, ó lé wọn, ó ní kí wọ́n má sọ ilé Baba òun di ilé ọjà. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ti rí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, a jẹ́ pé inú ọjà gan-an ni wọ́n gbé e gbà. Àwọn àlùfáà ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Àwọn onípààrọ̀ owó jókòó tì tábìlì wọn. Ta ló rí ọmọ náà? Àgbà ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Símíónì ni. Lúùkù ní ó gbé e sí apá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ánnà dé, opó tó ti lo ọdún pípẹ́ nínú ààwẹ̀ àti àdúrà, òun náà sì dúpẹ́. Àwọn méjì péré, nínú gbogbo èrò yẹn.

Símíónì bù kún wọn, kò sì tan ìyá ọmọ jẹ. Ó sọ fún un pé idà yóò gún un lọ́kàn. Àgbà tó gbé orí ọmọ sípò kọ́ ni àgbà tó máa ń sọ ọ̀rọ̀ dídùn nìkan.

Nílẹ̀ Yàgbà, tó jẹ́ ara ilẹ̀ Okun, a ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Ní 1908 ni Tommy Titcombe, òyìnbó tó ti Kánádà bá ẹgbẹ́ ajíhìnrere SIM wá, dé Ẹ̀gbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣì ń sọ ìtàn rẹ̀ títí dòní, pé ó gba ìbejì lọ́wọ́ ikú nígbà tí àwọn ènìyàn ń wo ìbejì bí ohun ìbẹ̀rù. Ilé ìwòsàn ìjọ ECWA tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ jáde láti inú iṣẹ́ ìyìn rere náà, ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń ka èyí ni wọ́n sì bí síbẹ̀. Nígbà tí a bá ń to ìdí tí ìyìn rere fi wọlé sí wa lára, ẹ má gbàgbé orí ọmọ tuntun.

Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe báyìí. Ní alẹ́ ọjọ́ orin Kérésìmesì, àwọn èwe á ṣe eré ìbí Jésù. Ní 1223 ni Fransisi ti Ásísì gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní Greccio nílẹ̀ Ítálì, pẹ̀lú màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tòótọ́. Tiwa, bèbí rọ́bà tí wọ́n rà lọ́jà ni wọ́n máa ń tẹ́ sínú koríko. Bí ọmọ gidi bá ké ní ìjókòó ẹ̀yìn, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú èrò á sáré wá, á ní, "Ẹ gbé ọmọ yẹn jáde, ó ń dí wa lọ́wọ́." Ìyá á bọ́ sí ìta, sínú ọyẹ́. Ìjọ á máa bá bèbí kọrin lọ. Ó ti ojú mi nígbà gbogbo.

Àwọn kan á tún gbé àríyànjiyàn tiwọn dé, pé wọn ò bí Jésù ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Òótọ́ ni, Bíbélì kò sọ ọjọ́ náà. Àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Róòmù fi hàn pé wọ́n ti ń ṣe é ní ọjọ́ náà ní 336, àwọn ará Etiópíà sì máa ń ṣe tiwọn ní oṣù Kìn-ín-ní. Ẹni tó bá fẹ́ lè máa bá wọn jiyàn lọ. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kò mọ ọjọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tó lóyún nílé. Ìjọ á yọ irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, èyí lè ní ìdí tirẹ̀ nínú ìlànà ìjọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́ tán, ta ló tún gba ilé wọn kọjá? Ẹni tó fún un lóyún wà nílùú mìíràn, ó ti pa fóònù. Bàbá ọmọbìnrin ń bínú. Ìyá rẹ̀ ń tijú láti lọ sí ìpàdé àwọn ìyá. Ìjọ tó ń kọrin nípa wúńdíá tó bímọ kò lè sọ pé òun kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bí ojú bá ti àgbà láti wọ ilé náà lọ́sàn-án, kí ó lọ lálẹ́, bí àwọn darandaran ti lọ. Kí ó gbé iṣu dání, nítorí abiyamọ kì í fi ìmọ̀ràn jẹun.

Bí ẹ bá ka ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá mọ́ ọn, ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún tuntun ni ọjọ́ kẹjọ. Àwọn ìjọ kan tiẹ̀ ń pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Jésù, nítorí Lúùkù ní ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ tí àwa náà fi ń sọmọ lórúkọ ni. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n máa bí ní Kérésìmesì yìí tí ọjọ́ kẹjọ wọn yóò bọ́ sí àárọ̀ ọdún tuntun, nígbà tí gbogbo wa ń sùn lẹ́yìn àìsùn. Níbi tí kò bá sí bàbá tó máa dúró, kí àgbà ìjọ méjì wẹ̀, kí wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ Kérésì, kí wọ́n mú oyin, iyọ̀ àti omi lọ́wọ́, kí wọ́n lọ. Kí wọ́n dé kí oòrùn tó mú. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n dá orúkọ kan, kí wọ́n dá a. Ta ni bàbá ọmọ, ìbéèrè yẹn lè dúró di ọ̀la.