"Wọn kì í kú níbẹ̀": ta ló kà wọ́n?

Inú Micra ni mo tún ti gbọ́ ọ lánàá, láti Sángo sí Ẹlẹ́yẹlé. Obìnrin kan tí a jọ jókòó sẹ́yìn ń gba ẹnì kan níyànjú lórí fóònù, pé kí wọ́n má wulẹ̀ gbé bàbá wọn wá sí Ìbàdàn fún iṣẹ́ abẹ ìpá, kí wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù tó wà nítòsí abúlé wọn lọ́hùn-ún. "Wọn kì í kú níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ibẹ̀, ẹnì kan ò kú rí." Awakọ̀ dá sí i, ó ní òun náà gbọ́ bẹ́ẹ̀, pé ọwọ́ dókítà wọn tutù. Ẹnu ń yún mi. Mo gbé e mì títí a fi dé iwájú Poly.

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Ọsibítù tó bá ń la ikùn èèyàn láti ọdún dé ọdún tí ẹnì kan ò sì kú sí i lọ́wọ́ rí, yálà kì í ka òkú rẹ̀ ni, tàbí ó ń tì í jáde kó tó di òkú.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì tíátà ní ọsibítù ìgbèríko kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. A ní rẹ́jísítà kan, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa tí etí rẹ̀ ti ká, tí áyódíìnì ti kán sí lára. Déètì, orúkọ, ọjọ́ orí, abúlé, irú iṣẹ́ abẹ, ẹni tó là á, ẹni tó kùn ún lóorun. Níbi tó kẹ́yìn, wọ́n kọ "Outcome" sókè, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ abẹ já sí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tuntun á kọ "Satisfactory", pé ó dára, sí ìlà àkọ́kọ́. Gbogbo ìlà tó kù, àmì méjì kékeré ni, tó ń sọ pé bákan náà ni pẹ̀lú ti òkè, bí ibi tí ológbò ti họ nǹkan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èmi náà fa àmì yẹn títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń sọ kò ju pé aláìsàn ń mí nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní tíátà.

Bàbá àgbẹ̀ kan wá lọ́jọ́ kan, ìpá tó ti wà lára wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ṣàdédé há. A là wọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà tí wọn ò tíì san. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ wọn obìnrin gbé owó náà dé. Etí ìró ló dì í sí. Ó tú u sórí tábìlì, ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Bàbá ńkọ́?" Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, a ti sin bàbá. Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n délé ni. Ikùn wọn wú, ara wọn gbóná, a rò pé ibà ni." Ó wá ní kí n bá òun kọ rìsíìtì, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé bàbá òun kú ti àwọn ti gbèsè. Mo kọ ọ́. Nígbà tó lọ tán, mo ṣí rẹ́jísítà, mo wá orúkọ wọn kàn. Àmì méjì kékeré.

Ẹ lè ní bàbá kan ṣoṣo nìyẹn. Ó dáa. Ní 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé ìwádìí kan jáde, ọsibítù 247 ní orílẹ̀-èdè 25 nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni ọsibítù kọ̀ọ̀kan fi kọ orúkọ gbogbo àgbàlagbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, wọ́n sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n lé ní 11,000. Ẹni 239 ló kú. Nínú 239 yìí, 225 ni kò kú lọ́jọ́ tí wọ́n là wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Mẹ́rìnlá péré ló kú lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Gbogbo àwọn tó kù ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ní ọwọ́ tútù. Wọn kì í sì í ṣe arúgbó o. Ọjọ́ orí wọn kéré sí ti àwọn tí wọ́n ń là nílùú òyìnbó, àìsàn mìíràn kò sì pọ̀ lára wọn tó ti tọ̀hún, síbẹ̀ ikú wọn tó ìlọ́po méjì ti àgbáyé. Bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni nǹkan yíwọ́ fún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àwọn tó ṣì wà nínú ọsibítù nìkan ni wọ́n sì kà. Irú bàbá àgbẹ̀ wa yẹn, tó délé kó tó kú, kò sí nínú 239.

Èmi ò nílò Lancet kí n tó mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Agogo méjì òru, ẹ̀jẹ̀ ń ya lábẹ́ báńdéèjì, ìfúnpá ń wálẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ló ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù méjì, dókítà ti lọ sùn. Tàbí kí egbò máa ṣọyún nílé. Ní 2018 yẹn kan náà, ìwádìí GlobalSurg tẹ̀ lé àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ inú fún ní orílẹ̀-èdè 66 títí di ọjọ́ 30: níbi tí nǹkan ti rọ̀ṣọ̀mù, egbò 9.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló kó àrùn. Níbi tó kù díẹ̀ káàtó, 23.2. Ta ló rí ìyẹn lẹ́nu ọ̀nà tíátà?

Ẹ wá gbọ́ ti títì jáde. Bí mímí aláìsàn bá ti yí padà, wọ́n á sáré kọ lẹ́tà pé kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ìbàdàn. Mo ti bá wọn kọ irú lẹ́tà yẹn rí, mo mọ̀ pé kò ní dé Ìdó kó tó dákẹ́. Bó bá dákẹ́ lójú ọ̀nà, kò kú sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá dé UCH, ọsibítù ńlá Yunifásítì n'Ìbàdàn, tó kú ní yàrá pàjáwìrì, UCH ló pa á. Láti 1957 tí wọ́n ti ṣí UCH ni wọ́n ti ń gba ohun tí ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ò ká mọ́, àwọn èèyàn á sì dúró sí Mọ́kọ́lá, wọ́n á máa ní ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ kú sí. Ọsibítù tó bá gba ẹni tí táífọ́ọ̀dù ti lu ìfun rẹ̀, tó ti fi ọjọ́ márùn-ún mu àgbo nílé, òkú á wà nínú ìwé rẹ̀. Èyí tó jẹ́ pé ìpá kékeré àti ìkọlà nìkan ló ń ṣe, kò ní òkú. Èwo ló wá dára jù níbẹ̀?

Ẹ má sọ fún mi pé àbúrò ìyàwó yín ṣe CS méjì níbẹ̀ tí kò sí nǹkan kan. Mo bá a yọ̀.

Òmíràn á ní irú ìṣirò yìí, ọsibítù olówó ló wà fún. Kó lọ béèrè olóògbé Dókítà Oluyombo Awojobi ní Èrúwà. UCH ló ti kọ́ iṣẹ́ abẹ, ó gba Èrúwà lọ ní 1983, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 2015. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n fi ń mọ bóyá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn pé. Ó sì ń kọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde fún àwọn oníṣẹ́ abẹ bíi tirẹ̀ láti yẹ̀ wò. Ní Boston, ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, oníṣẹ́ abẹ kan, Ernest Codman, tọpa gbogbo aláìsàn rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ sílé, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra rẹ̀: aláìsàn 337, àṣìṣe 123. Bí mo bá nílò iṣẹ́ abẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàbá àgbẹ̀ yẹn, èmi náà ra ìwé kékeré kan, mo ń gba nọ́ḿbà fóònù. Mo ń pè wọ́n lọ́jọ́ keje, mo tún ń pè wọ́n lọ́jọ́ 30, owó káàdì láti àpò mi. Ọjọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin kan tó ṣe CS ti sọ fún mi pé ojú ibi tí a rán ń tú omi, òun sì ti fi ewé dì í. Mo ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ náà. Inú ọ̀gá wa ò dùn, ó ní mo fẹ́ ba ọsibítù lórúkọ jẹ́. Ká sòótọ́, "Satisfactory" dín nínú rẹ́jísítà.

Mo gbà pé kíkà náà kì í pé tán. Fóònù ẹlòmíràn kì í wọlé, ẹlòmíràn á ti ṣí lọ oko. Ìwádìí ọsibítù 247 yẹn pàápàá kì í ṣe ti ìgbèríko nìkan. Ó ṣì sàn ju àmì méjì kékeré lọ.

Níwájú Poly, mo bi obìnrin yẹn bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wọn ti ṣiṣẹ́ abẹ ní ọsibítù tó ń yìn. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin, àpẹ́ńdíìsì, lọ́dún tó kọjá. Mo ní nígbà tó délé, ṣé ẹnì kan pè é láti ọsibítù?

"Ọsibítù á pe èèyàn? Kí wọ́n pè é kí wọ́n ní kí ni, àǹtí?"

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Egbò yẹn ńkọ́, ó tètè jinná?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ó lé ní oṣù méjì kó tó san, pé oníkẹ́míìsì kan l'Ẹlẹ́yẹlé ló ń bá a fọ̀ ọ́.