Ìda kì í pa ojú ibi tó ha rẹ́
Ẹ̀gbọ́n, mo rí ọ̀rọ̀ tí gbogbo Àjàṣẹ́ ń pín kiri, pé ìda tí a fi ń kun ọkọ̀ máa ń pa ojú ibi tó ha rẹ́. Èmi náà gbà á gbọ́ rí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìda kàn ń bo ọ̀dà ni. Ó ń dí ìlà wẹ́wẹ́ fúngbà díẹ̀. Pọ́líìṣì, ìyẹn ohun tí a fi ń ha ojú ọ̀dà kó lè dán, ló ń bó ojú ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ohun à ń ṣe lóṣooṣù.

Ẹ fi ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ fọ ọkọ̀ náà bí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ìda lè ṣí kúrò, kí ẹ wò ó nínú oòrùn: ìlà náà á tún yọjú. Ìlà tí èékánná bá ń há sí, iṣẹ́ àwọn tó ń fi ọ̀dà kun ọkọ̀ ni.